Òfin ní kí wọ́n gba àwọn aláàbọ̀ ara síṣẹ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá wọn padà!

*Ohun tó wà nínú òfin tí Buhari buwọ́ lù ní 2019 rèé
*Gbólóhùn kékeré kan ló ń bà á jẹ́
*Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ dù lè gbowó gbà-máà-bínú

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa kò ní í ṣàì mọ òkè Mápó. Bóyá Bẹẹrẹ lèèyàn gbà wọlé ni o, bóyá Ọjà'ba ló gbà bọ̀, gbọ̀ngàn ńlá tó jókòó sórí òkè yẹn lojú ẹ̀ máa kọ́kọ́ bá, tòun tàwọn òpó gàgàrà tó gbé iwájú ẹ̀ ró. Ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Robert Jones, táwọn èèyàn mọ̀ sí Taffy Jones, ló ṣe kòkáárí iṣẹ́ ọ̀hún, ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣí i. Látìgbà náà ni Mápó ti di ojú ìjọba láàárín àwọn agboolé Ìbàdàn àtijọ́. Àdúgbò yẹn náà ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà.

Àmọ́ òkè lòkè ń jẹ́. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá náà ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó débẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ ro ti ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì há abíyá rìn, ẹ ro ti afọ́jú tó ń fi ọ̀pá funfun wá ọ̀nà láàárín kòtò àti ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá síbi iṣẹ́ lókè yẹn láago mẹ́jọ àárọ̀, aago mélòó ni kí wọ́n kúrò nílé? Ìyẹn bẹ́nì kan bá tiẹ̀ fún wọn níṣẹ́ ọ̀hún rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nísàlẹ̀ òkè, láàárín Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, ojú á rí aláàbọ̀ ara tó jókòó ti abọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ojú á tún rí àwọn tó kọ̀ láti ṣagbe: ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ rọ tó ń tún bàtà ṣe, adití tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó ń ta káàdì ìpè, tó sì ń fi POS san owó fáwọn oníbàárà. Àwọn wọ̀nyí ò dúró de ìjọba. Ṣùgbọ́n èyí tó kàwé nínú wọn ńkọ́? Èyí tó fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa gba owó oṣù bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

WỌ́N WO ẸSẸ̀ Ẹ̀, WỌN Ò WO SÁTÍFÍKÉÈTÌ

Ẹ fọkàn yàwòrán ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Bẹ́yẹrúnkà. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí o, àmọ́ agbára káká ni kí àdúgbò kan wà tírú ẹ̀ ò sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà líle kan kọ lù ú. Kí ibà náà tó lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti rọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé, àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Ó ka ìwé mẹ́wàá jáde, ó wọ Pólì Ìbàdàn, ó gba OND, ó tún padà lọ gba HND nínú iṣẹ́ akáǹtì. Ó kọ̀wé wáṣẹ́, wọ́n sì ní kó wá káwọn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Lọ́jọ́ tó lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni wọ́n jókòó sí. Kó tó fi ọ̀pá ẹ̀ gun àtẹ̀gùn débẹ̀, wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kó wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì kọ́kọ́ wò, kó tó wá wo sátífíkéètì ẹ̀ fìrí. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé ná, tá a bá ti ṣetán, a máa pè yín." Fóònù ọ̀hún ò dún títí dòní.

Èyí tó wá dunni jù níbẹ̀ ni pé bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó ń nu òógùn ojú, ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé nísàlẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ igba náírà, ó fi lé e lọ́wọ́. Kò tọrọ o. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, fáìlì ló wà lábíyá ẹ̀. Ẹni yẹn rò pé àánú lòun ń ṣe.

Ohun tí gbogbo ìjà àwọn aláàbọ̀ ara dá lé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló múra tán láti fún wọn ní sàráà, àmọ́ wọn ò múra tán láti san owó oṣù fún wọn. Bẹ́ẹ̀, sàráà ò lè san owó ilé, kò lè rán ọmọ níléèwé, kò sì lè sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń pè sípàdé mọ̀lẹ́bí.

Àwọn tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú láyé ìjọ́hun ò kéré. Lóòótọ́, wọ́n ti ṣẹ́gun àrùn náà gan-an. Ọdún 2016 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ìyẹn irú ẹ̀ tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Borno, nígbà tó sì di ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, 2020, wọ́n kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ Áfríkà. Ìyẹn dáa. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ti mú ṣáájú ìgbà yẹn ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Iye wọn gan-an ló tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n kà ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 3,253,169. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí èèyàn mẹ́fà bá wà láyé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní àléébù ara tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi èyí wé iye tí wọ́n kà ní 2006 á mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni wọn ò kà. Àwọn ẹbí mìíràn kì í jẹ́ kí akànìyàn rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yàrá ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí.

ỌDÚN GBỌỌRỌ NI WỌ́N FI JÀ KÍ ÒFIN TÓ DÉLẸ̀

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 tí Nàìjíríà ń lò ní kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà, ìlú abínibí, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú yọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Abala 42 ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wá a títí, kò sí "àléébù ara" nínú àwọn ohun tí wọ́n kà síbẹ̀. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara lóṣù Kejìlá, 2006, Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 2007, ó sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2010. Abala 27 àdéhùn yìí sọ ọ́ kedere pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ jẹun láàárín àwọn ẹlòmíràn. Àmọ́ àdéhùn òkè òkun ò lè dá dúró nílé ẹjọ́ wa àfi kí àwọn aṣòfin sọ ọ́ di òfin nílé. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣòfin ṣe é, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ààrẹ, Goodluck Jonathan ò buwọ́ lù ú ní 2011. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gbé e dé, kò tún buwọ́ lù ú ní 2015. Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn aláàbọ̀ ara ò jókòó sílé, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń ṣèwọ́de, àwọn mìíràn nínú wọn ń yí kẹ̀kẹ́ wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin l'Ábújá.

Ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 2019, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari, tó ti dolóògbé báyìí, wá buwọ́ lù ú. Torí pé ọdún 2018 làwọn aṣòfin parí iṣẹ́ lórí ẹ̀, òfin 2018 ni wọ́n ń pè é. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ lọ́jọ́ táwọn èèyàn gbọ́. Wọ́n ní ó parí, ìyà ti tán.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀ RÈÉ

Òfin náà ò ṣe kékeré o. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi àléébù ara yọ èèyàn sẹ́yìn ti rúfin. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn kan ni, ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀.

Abala 28 ló wá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó ní aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú gbogbo èèyàn láti ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ dù ú nítorí ara ẹ̀, ó kéré tán, á san ₦250,000 fún ẹni náà gan-an, kì í ṣe fún ìjọba. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, ₦500,000 ni, ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i níbẹ̀ á sì tún fi ₦50,000 tiẹ̀ lé e.

Abala 29 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba rí i pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá ní òṣìṣẹ́ 100, márùn-ún nínú wọn. Èyí tó bá ní 400, ogún. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ò sì wọ́n n'Íbàdàn: UCH ń bẹ níbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn ń bẹ níbẹ̀, NISER ń bẹ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó náà ń bẹ níbẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣe ohun tófin wí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣí, Kúdẹtì àti Bẹ́yẹrúnkà tó ní sátífíkéètì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kò ní í jókòó sílé.

Òfin yìí tún fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ lọ́dún márùn-ún gbáko láti tún un ṣe, kẹ́ni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé lóṣù Kìíní, 2024. Ẹ yọjú sáwọn báǹkì, ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé.

Wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí gbogbo ẹ̀, ìyẹn àjọ àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún 2020 ni wọ́n yan James Lalu gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ tó máa darí ẹ̀.

GBÓLÓHÙN KÉKERÉ TÓ Ń BÀ Á JẸ́

Kí ló wá dé tí ọmọbìnrin Bẹ́yẹrúnkà yẹn ò fi ríṣẹ́?

Ẹni tó bá ka abala 29 dáadáa á rí gbólóhùn kan tó fara pamọ́ sáàárín. Òfin ò sọ pé ilé iṣẹ́ ìjọba "gbọ́dọ̀" gba ìdá márùn-ún lásán. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n ṣe é "bó bá ṣe ṣeé ṣe tó." Háà! Ìgbà wo ló máa ṣeé ṣe fún ọ̀gá tí kò fẹ́ ṣe é? Ó ti rí ohun tó máa wí: "A gbìyànjú, kò ṣeé ṣe." Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìkejì, kò sí ìtanràn kankan tí wọ́n so mọ́ ìdá márùn-ún yìí. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ du èèyàn kan láá sanwó, àmọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò gba aláàbọ̀ ara kankan láti ọdún yìí wọ ọdún tó ń bọ̀, kò sí ohun tí abala 29 fẹ́ fi í ṣe.

Ìkẹta, ilé iṣẹ́ aládàáni ò sí nínú ọ̀rọ̀ ìdá márùn-ún rárá. Òfin kàn ní kí wọ́n má ṣe yọ èèyàn sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aládàáni ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà lásìkò yìí: báǹkì, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà ńlá, iléeṣẹ́ fóònù.

Ìkẹrin ni owó ọ̀hún. Lọ́dún tí Buhari buwọ́ lùwé yẹn, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí. ₦250,000 tí wọ́n ní kẹ́ni tó rúfin san ju owó oṣù mẹ́jọ lọ nígbà yẹn. Lóṣù Keje, 2024, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. ₦250,000 kan náà ò wá tó owó oṣù mẹ́rin mọ́. Òfin ò yí padà, àmọ́ náírà ti jẹ ẹ́ lára. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lè san án láìmira.

Ìkarùn-ún, ẹlẹ́rìí ṣòroó rí. Kò sí ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé torí ẹsẹ̀ rẹ lòun ò ṣe gbà ọ́. "A máa pè yín" ni gbogbo wọn máa ń wí.

ÀWỌN ÌLÚ TÓ TI GBA Ọ̀NÀ YÌÍ KỌJÁ

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ sópin, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tógun gé lápá gé lẹ́sẹ̀ ń padà délé. Ní 1944, wọ́n ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ ogún sókè gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Òfin náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ ń gba ìwé àṣẹ pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn, ìjọba sì ń fún wọn, àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n tiẹ̀ yà sọ́tọ̀ fáwọn aláàbọ̀ ara ò ju méjì péré lọ: kí wọ́n máa darí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti kí wọ́n máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Bí wọ́n ṣe fojú kéré wọn tó nìyẹn. Nígbà tí òfin tuntun dé ní 1995, wọ́n pa ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta yẹn tì.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ ogún sókè, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, gbọ́dọ̀ ní ìdá márùn-ún. Èyí tí kò bá ní in, wọ́n á ṣírò owó lé e lórí fún oṣù kọ̀ọ̀kan, lórí ipò kọ̀ọ̀kan tó ṣófo. Ní 2024, iléeṣẹ́ ńlá tí kò gba ẹyọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ san 720 euro lóṣù lórí ipò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọgbọ́n wà níbẹ̀ ni pé owó yẹn ni wọ́n tún fi ń ran àwọn iléeṣẹ́ tó gba aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, kí wọ́n fi tún àtẹ̀gùn ṣe, kí wọ́n fi ra irinṣẹ́. Ẹni tó kọ̀ ló ń sanwó fẹ́ni tó gbà.

Nílé níbí náà, Èkó ò dúró de Ábújá. Ọdún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá wà nípò gómìnà, ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin tiẹ̀ fáwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ọdún méje gbáko ló fi ṣáájú ìjọba àpapọ̀.

"WỌN Ò KÀWÉ" KÌ Í ṢE ÀWÁWÍ MỌ́

Ọ̀kan nínú ohun táwọn agbanisíṣẹ́ máa ń wí ni pé àwọn aláàbọ̀ ara ò kàwé tó. Ìbàdàn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ já wọn nírọ́. Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ kan tó jẹ́ adití fúnra ẹ̀, dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ìlú yìí làwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfríkà mìíràn ń wá láti kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ́ adití. Adití ló ṣe gbogbo ìyẹn o! Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa Foster ní Rwanda ní 1987, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ò kú. Methodist Grammar School tó wà ní Bódìjà ń gba adití láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, láti 1977 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí ti wà, afọ́jú àti adití sì ń kàwé jáde níbẹ̀.

Àwáwí kejì ni owó. Wọ́n á ní ìnáwó wọn pọ̀ jù. Irọ́ ni jàre. Afọ́jú tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ò nílò ju ètò kan tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sí i létí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní NVDA, afọ́jú méjì láti Ọsirélíà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Adití tó mọ̀wé kà, ìwé pélébé àti WhatsApp ti tó láti bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́, ẹ gbé tábìlì ẹ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí bírìkìlà fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Owó ẹ̀ ò tó èyí táwọn iléeṣẹ́ mìíràn fi ń gbé sítéèjì àríyá òpin ọdún.

Àwáwí kẹta ni wọn kì í sọ síta: wọ́n ní àwọn oníbàárà ò ní í fẹ́. Àwọn àgbà Yorùbá ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe arọ, abuké àti àfín. Wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà ló ní a kì í ka ìka ọmọ oníka mẹ́sàn-án lójú ẹ̀. Kí ló wá dé tá a ṣe ń kà á lójú ẹ̀, nínú ọ́fíìsì, tòun ti táì lọ́rùn?

KÒ SẸ́NI TỌ́RỌ̀ YÌÍ Ò KÀN

Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú mọ́tò lè máa wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Mọ́lété dé Bẹẹrẹ láàárọ̀ ló wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́mọ ogójì ọdún. Ẹ̀rọ ń gé ìka òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀la.

Fún irú àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òfin mìíràn wà láti 2010 tọ́pọ̀ òṣìṣẹ́ ò gbọ́ rí. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún àjọ NSITF. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án o, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Bẹ́nì kan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, inú owó yẹn ni wọ́n ti máa tọ́jú ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa sanwó fún un bí ara ẹ̀ ò bá padà sípò. Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè bóyá ó ń san án.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa náà. Kì í ṣe ìjọba nìkan ló jẹ̀bi. Àwọn òbí wà tó ń fi ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́, àwọn mìíràn sì wà tó ń fi í ṣagbe jẹun. Òfin kan náà yìí sọ ọ́ ní abala 16 pé ẹni tó bá ń lo aláàbọ̀ ara láti tọrọ owó, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ń dúró dè é. Àmọ́ bá a bá ní kí wọ́n má ṣagbe, tá ò sì fún wọn níṣẹ́, kí la ní kí wọ́n jẹ?

Ẹ JÁ FÚN WỌN, Ọ̀NÀ WÀ O!

Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ dù nítorí ara ẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ sùn sílé. Kó kó gbogbo ìwé ẹ̀ pa mọ́: lẹ́tà tó kọ, èyí tí wọ́n kọ sí i, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ọjọ́ tó lọ àti orúkọ ẹni tó rí. Kó kọ̀wé béèrè ìdí tí wọn ò fi gbà á, kó sì ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ fèsì, àìfèsì náà lè di ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ JONAPWD, ìyẹn ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹnu ẹnì kan kì í ròkè. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà ń gba ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀. Bọ́rọ̀ bá di tilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀ka n'Íbàdàn, ẹni tí kò bá sì lówó lọ́yà, àjọ Legal Aid Council wà fún irú wọn.

Ti ìjọba ló kù. Àwọn aṣòfin ló kọ "bó bá ṣe ṣeé ṣe tó" sínú abala 29, àwọn náà ló lè yọ ọ́. Kí wọ́n so ìtanràn mọ́ ọn. Kí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan máa kéde lọ́dọọdún iye aláàbọ̀ ara tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo ayé rí i. Kí wọ́n mú àwọn aládàáni wọ̀ ọ́ bíi ti Jámánì. Kí wọ́n sì so owó gbà-máà-bínú mọ́ owó oṣù tó kéré jù, kó máa gòkè bí ìyẹn bá ṣe ń gòkè, kí náírà má baà jẹ ẹ́ tán.

Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí gbọ̀ngàn Mápó ti wà lórí òkè. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wó òkè lulẹ̀. Ohun táwọn aláàbọ̀ ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n la ọ̀nà tẹ́sẹ̀ wọn lè gbà, kẹ́ni tó bá dé òkè sì bá iṣẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí fóònù ọmọbìnrin Bẹ́yẹrúnkà yẹn bá dún, tí wọ́n ní kó wá gba lẹ́tà iṣẹ́ ẹ̀, ọjọ́ yẹn la óò tó gbà pé òfin 2018 ti kúrò lórí ìwé. Títí dìgbà náà, igba náírà tẹ́ni kan fún un nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó dá a padà fún un. Iṣẹ́ ló wá, kò wá sàráà.